Irọ́ ni Òfin Rí, Kò Rí Ẹ̀sín: Ìtàn Ìpolówó Ọjà tí ó ń Fi Ara Ẹni Ṣẹ̀sín ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn ìpolówó ọjà tí ó ń fi ìrísí ara oníbàárà ṣe ẹ̀sín, láti ìgbà tí irú rẹ̀ gbilẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1920 títí di ìgbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà ọkọ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 2016. Ohun tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè kan ni òfin ń tẹ̀ mọ́ ní gbogbo àkókò náà: ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí olùpolówó sọ nípa ọjà rẹ̀? Ìbéèrè kejì, ìyẹn bóyá ẹ̀sín inú ìpolówó ń ṣe ẹni tí ń wá ìlera ní jàǹbá, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni béèrè rẹ̀. Ìwádìí àwọn onímọ̀ láti 2008 fi hàn pé ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ẹ̀sín a máa lé ènìyàn jìnnà sí ìlera tí ó ń wá.

Ìfáárà

Láwùjọ Yorùbá, ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn kan ni ìpolówó ọjà jẹ́. Ẹni tí ó ń ta àgbàdo sísè a máa kéde pé àgbàdo òun jinná. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín a máa ròyìn bí ó ti gbóná tó àti bí ó ti dùn tó. Ọjà ni wọ́n ń kì. Wọn kì í bú oníbàárà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí olóńjẹ bá kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ń kọjá lọ pé ikùn rẹ̀ ti tóbi jù, ìjà ni yóò tà, kì í ṣe oúnjẹ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kì í fi ara ẹni ṣe ẹ̀sín. Orin ẹ̀fẹ̀ àti èébú àwàdà kún fún un. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Abuké, arọ àti àfín jẹ́ ẹni òrìṣà, iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá, èèwọ̀ sì ni kí ènìyàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Èdè Yorùbá tún ya àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan sọ́tọ̀ tí yóò wúlò fún ìtàn tí a fẹ́ tọpa yìí. Ìkìlọ̀ ń tọ́ka sí ewu. Ẹni tí a kìlọ̀ fún mọ ohun tí yóò yẹra fún. Ìbáwí ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni wá. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la ó fi fà á mọ́ra. Ẹ̀sín ní tirẹ̀ kò ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń tú ènìyàn síta lójú àwùjọ, ó sì ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí ó pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ mọ bí ó ti wúwo tó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni pé àwọn oníṣòwò rí i pé a lè fi ẹ̀sín ta ọjà, bí wọ́n bá lè mú kí oníbàárà gbà pé ọwọ́ àwọn ni ọ̀nà àbáyọ wà.

Bí ẹ̀sín ṣe di ohun èlò òwò

Oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ Listerine ti wà láti 1879. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, orúkọ rẹ̀ sì wá láti ara orúkọ Joseph Lister, oníṣègùn tí ó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa pa kòkòrò ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn 1920, ilé iṣẹ́ Lambert tí ó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ fún òórùn ẹnu. Oògùn náà kò yí padà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ mọ́ ọn ni ó yí padà. Nínú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan ń lọ sílé ọkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Òǹkàwé nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun náà ni wọ́n ń sọ.

Láti orí ẹnu, ọgbọ́n yìí tàn dé gbogbo ara. Angelo Siciliano, ọmọ Ítálì tí ó wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Charles Atlas. Láti ìparí àwọn ọdún 1920, òun àti Charles Roman ń ta ẹ̀kọ́ eré ìdárayá nípasẹ̀ lẹ́tà. Àwòrán ìpolówó wọn tí ó lókìkí jù fi ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn ní etíkun. Géńdé kan ta yanrìn sí i lójú níṣojú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Atlas, ara rẹ̀ le, ó padà wá, ó sì lu géńdé náà. Ní àwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ Ironized Yeast ní ìlú Atlanta ń ta hóró oògùn tí wọ́n fi ìwúkàrà àti èròjà irin ṣe fún àwọn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin tí egungun rẹ̀ hàn síta, tí ojú ń tì láti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, tí kò sí ọkùnrin tí ó wo apá ibi tí ó wà: ẹni tí ìpolówó náà ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan níbí. Ní ọdún mẹ́wàá kan náà, ìpolówó kan ń fi ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ẹ̀sín, òmíràn sì ń fi ẹni tí ó sanra ṣe ẹ̀sín. Bí ó bá jẹ́ pé ìlera ni wọ́n ń wá fún àwọn ènìyàn, wọn ì bá ti fẹnu kò lórí irú ara tí ó lera. Wọn kò fẹnu kò, nítorí pé kò sí ìwọ̀n ara tí òwò náà gbà pé ó tó. Níní àbùkù ni ó ń tà, àbùkù náà sì lè jẹ́ sísanra lónìí, kí ó di rírù lọ́la.

Òjìji lábẹ́ àgbọ̀n: Lucky Strike, 1928 sí 1930

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù ni ti sìgá Lucky Strike. Ní 1928, ilé iṣẹ́ American Tobacco tí George Washington Hill jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolówó kan tí ó ń gba àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn obìnrin, nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú sìgá dípò àdídùn. Edward Bernays, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba iṣẹ́ ìgbélárugẹ orúkọ ilé iṣẹ́, wà lára àwọn tí Hill gbà láti bá a ṣe é. Àwọn tí ń ṣe àdídùn fi ẹ̀hónú hàn, nítorí pé ọjà wọn ni wọ́n ń bà jẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1930, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó òwò, mú kí ilé iṣẹ́ náà gbà pé òun kò ní sọ mọ́ pé sìgá òun ń mú ara fọn. Ilé iṣẹ́ náà pa àdéhùn mọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìpolówó tí ó jáde lẹ́yìn náà fi ojú obìnrin tàbí ọkùnrin arẹwà hàn, ṣùgbọ́n òjìji dúdú kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹran ti rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìrísí tí onítọ̀hún yóò ní lọ́jọ́ iwájú. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé àwọn kò sọ pé sìgá àwọn ń dín ẹran ara kù. Ohun tí àwọn sọ ni pé ẹni tí ó bá mú sìgá nígbà tí oúnjẹ bá ń wù ú kò ní jẹ àjẹjù.

Ẹjọ́ kékeré yìí ni ó ṣí gbogbo ìtàn náà payá. Òfin fi ọwọ́ kan irọ́, irọ́ náà sì kúrò. Kò fi ọwọ́ kan òjìji, òjìji náà sì tóbi sí i. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù ara rẹ̀ nítorí òjìji yìí, tí ó sì mú sìgá nítorí rẹ̀, kò rí ẹni gbèjà rẹ̀. Ohun tí ó rà láti fi dá ìrísí ara rẹ̀ sí ni ohun tí ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Marmola níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ

Bí òfin ṣe ń ronú nígbà náà hàn nínú ẹjọ́ Marmola. Oògùn ìdínsanra ni Marmola, ilé iṣẹ́ Raladam ní ìlú Detroit ni ó sì ń tà á. Kókó táírọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ ní ọrùn ẹran, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀, ni èròjà pàtàkì inú rẹ̀. Èròjà yìí lè mú kí ènìyàn fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ba ọkàn jẹ́ bí kò bá sí oníṣègùn tí ń ṣọ́ ẹni tí ń lò ó. Ilé iṣẹ́ náà polówó rẹ̀ bí ohun tí kò léwu. Federal Trade Commission pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́.

Ní 1931, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé àṣẹ náà. Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ gbà pé òótọ́ ni ìpolówó náà ń sọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin 1914 tí ó dá àjọ náà sílẹ̀ fún un lágbára lórí ìwà àìtọ́ láàárín àwọn tí ń bá ara wọn díje nínú òwò, kò sì sí ẹ̀rí pé Raladam pa oníṣòwò mìíràn lára. Ẹni tí ó gbé oògùn náà mì kò sí nínú ìṣirò. Ìyẹn ni pé ẹni tí ń ṣe àdídùn lè fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ba ọjà òun jẹ́, ṣùgbọ́n ìpalára tí ó bá ara oníbàárà nìkan kò tó láti dá irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ dúró.

Ìyà tí ó jẹ àwọn ènìyàn ni ó yí òfin padà. Láti 1933 ni wọ́n ti ń ta kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ dinitrophenol fún ìdínsanra. Àwọn kan kú, àwọn mìíràn sì ní ojú òfuyẹ tí ó mú kí wọ́n fọ́jú. Ní 1938, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin méjì: èkíní fún ìjọba lágbára lórí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge; èkejì, òfin Wheeler-Lea, fún Federal Trade Commission lágbára láti dáàbò bo oníbàárà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ìwà àìtọ́ àti ẹ̀tàn. Nígbà tí ẹjọ́ Raladam tún dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1942, àjọ náà ni ó jàre.

Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ àti ewu inú oògùn ni wọ́n ń lé. Ìbẹ̀rù tí ó gbé ènìyàn dé ìdí oògùn náà kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni kà sí ìpalára.

Lọ́ńdọ̀nù, 2015: ìpolówó méjì nínú ọdún kan

Ní nǹkan bí 85 ọdún lẹ́yìn òjìji Lucky Strike, ọ̀rọ̀ kan náà tún yọjú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà ìrúwé 2015, ilé iṣẹ́ Protein World gbé pátákó aláwọ̀ ìyeyè sí àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó dúró láàárín, wọ́n sì bi àwọn tí ń kọjá lọ léèrè bóyá ara wọn ti ṣe tán fún etíkun. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mu dípò oúnjẹ ni ọjà náà. Etíkun Charles Atlas ni ó padà wá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí géńdé tí ó ń ta yanrìn síni lójú. Pátákó fúnra rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ géńdé náà ṣe.

Àwọn arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì sára pátákó. Ó ju 70,000 ènìyàn lọ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì péjọ ní Hyde Park ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ẹ̀sùn 378 dé ọ̀dọ̀ Advertising Standards Authority, àjọ tí ó ń mójú tó ìpolówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àjọ náà ṣe bá ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀ mu. Ó kọ́kọ́ sọ pé ìpolówó náà kò gbọdọ̀ tún jáde bí ó ti wà, nítorí ohun tí ó ń sọ nípa ìlera àti ìdínsanra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀ ní oṣù Keje lórí ẹ̀sùn pé ìpolówó náà ń buni kù, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀: kò sọ pé irú ara mìíràn kò dára tó. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, òfin rí ohun tí ó jọ irọ́, kò rí ẹ̀sín.

Ní oṣù Kìíní ọdún kan náà, Sport England, àjọ tí ó ń gbé eré ìdárayá lárugẹ, ti gbé ìpolówó mìíràn jáde tí ó pè ní This Girl Can. Àjọ náà ti kíyè sí i pé iye obìnrin tí ń ṣe eré ìdárayá déédéé fi nǹkan bí mílíọ̀nù 2 kéré sí iye ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ni ó fẹ́ ṣe é. Ohun tí ó ń dá wọn dúró, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí àjọ náà, ni ìbẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò máa wò wọ́n. Nítorí náà, kò lo àwọn arẹwà tí wọ́n ń sanwó fún láti ya àwòrán. Àwọn obìnrin lásán ni ó fi hàn, tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń làágùn, tí ẹran ara wọn sì ń mì. Lẹ́yìn ọdún kan, àjọ náà ròyìn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.6 obìnrin ni ó sọ pé ìpolówó náà ni ó mú àwọn bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa ara wọn ni iye yìí dúró lé, ó sì yẹ kí a fi ìṣọ́ra gbà á. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé a lè pe ènìyàn wá sínú ìlera láìkọ́kọ́ tẹ́ ẹ.

Ní oṣù Kẹfà 2016, Sadiq Khan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sípò Mẹ́yọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, kéde pé Transport for London kò ní gba ìpolówó tí ó lè ti ènìyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, sí ìrísí ara tí kò ṣeé ṣe tàbí tí kò lera. Oṣù Keje ni ìlànà náà yóò bẹ̀rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ́ ni ó ṣe é. Onílé ni ó pinnu ohun tí yóò gbà sára ògiri rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí ń gba iwájú ògiri náà kọjá lójoojúmọ́.

Ohun tí ẹ̀sín ń ṣe fún ẹni tí ń wá ìlera

Àwọn kan gbà pé ẹ̀sín, bí kò bá pọ̀ jù, lè ta ènìyàn jí. Daniel Callahan, onímọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí nínú ìṣègùn, kọ ọ́ ní 2013 pé bí ìtìjú ṣe ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá, bẹ́ẹ̀ ni a lè lò ó, níwọ̀nba, fún ọ̀rọ̀ sísanra. Irú èrò yìí ti wọ ilé ìwòsàn pàápàá. Ní 2011, Children's Healthcare of Atlanta gbé àwòrán àwọn ọmọ tí ó sanra sára pátákó ńlá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, ariwo sì ta. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ta hóró ìmúnisanra fún àwọn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní àwọn ọdún 1930.

Ẹ̀rí kò ti èrò Callahan lẹ́yìn. Ní 2008, Lenny Vartanian àti Jacqueline Shaprow rí i láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì pé àwọn tí wọ́n ti fi ìwọ̀n ara wọn ṣe ẹ̀sín jù ni eré ìdárayá ń kọ́ lóminú jù. Ní 2013, Angelina Sutin àti Antonio Terracciano gbé àbájáde ìwádìí lórí ohun tí ó lé ní 6,000 ará Amẹ́ríkà jáde: àwọn tí kò sanra jù níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí ìwọ̀n ara wọn, ní ìlọ́po 2.5 ìṣeéṣe láti sanra jù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ní 2014, Sarah Jackson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀lé 2,944 àgbàlagbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tí ó ròyìn irú ìwà bẹ́ẹ̀ fi kílò 0.95 sanra sí i; àwọn tí kò rí i fi kílò 0.71 fọn.

Ìfojútẹ́ńbẹ́lú láàárín àwùjọ ni ìwádìí wọ̀nyí wò, kì í ṣe ìpolówó ní tààrà. Èyí tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó jù ni ti Brenda Major àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2014. Wọ́n fún àwọn obìnrin ní àròkọ kan kà nípa bí àwọn tí ó sanra ṣe ń pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì gbé ìpanu síwájú wọn. Àwọn tí ó gbà pé àwọn sanra jẹ ìpanu púpọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ka àròkọ náà, wọ́n sì sọ pé agbára àwọn láti kó ara wọn níjàánu ti dín kù. Ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni ó ṣe èyí.

Àfiwé pẹ̀lú sìgá kò sì dúró. Ẹni tí ń mu sìgá lè ju sìgá nù. Kò sí ẹni tí ó lè bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọ ilé eré ìdárayá. Ara tí wọ́n fi ṣe ẹ̀sín ni ó gbọ́dọ̀ gbé wọlé, ara náà ni yóò fi sáré, òun náà ni yóò fi dúró níwájú oníṣègùn. Bí ó bá ti kọ́ láti fi í pamọ́, kò ní lọ. Níbí ni òwe ikú yá ju ẹ̀sín lọ ti di ọ̀rọ̀ ìlera gan-an: ẹni tí ó yàn láti má lọ rí oníṣègùn nítorí pé ojú ń tì í ti fi ara rẹ̀ wewu kí ó má baà di ẹlẹ́yà.

Àgbálọgbábọ̀

Láti Lucky Strike títí dé Protein World, òfin kò jókòó lásán. Ó lé irọ́ kúrò, ó lé májèlé kúrò, ó sì kọ́ láti ka oníbàárà kún. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni pé kò ka ẹ̀sín sí ìpalára, nítorí pé ẹ̀sín kì í parọ́: ìbéèrè ni ó ń béèrè, tàbí òjìji ni ó ń fi hàn. Ìlànà Lọ́ńdọ̀nù ti 2016 yàtọ̀ nítorí pé ó béèrè ohun tí ìpolówó ń ṣe fún ẹni tí ó rí i, kì í ṣe ohun tí ó sọ nípa ọjà nìkan. Agbára rẹ̀ kò kọjá ògiri ibùdókọ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìpolówó ti kó lọ sórí fóònù, níbi tí kò ti sí onílé kan tí yóò sọ pé òun kò gbà á.

Ìyàtọ̀ tí Yorùbá fi sáàárín ìkìlọ̀, ìbáwí àti ẹ̀sín wúlò fún àwọn tí ń kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ àti fún àwọn tí ń polówó ìlera. Ìkìlọ̀ tí ó bá fi ewu han ènìyàn, tí ó sì fi ọ̀nà hàn án, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú nìkan kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ni ó gbé e jáde.